Bàálù Alápá Òsì Méjì

Ẹjọ́ bàálù ló délẹ̀ láàfin lánàá, tí àwọn ìjòyè tó ti ń tòògbé fi lajú. Télọ̀ ló pe káfíńtà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, lẹ́jọ́. Bàálù ọ̀hún kò ju ohun tí èèyàn lè gbé sábíyá lọ. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tà fún wọn nínú páálí, kí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ ọ̀rá pupa bò ó, kí wọ́n sì máa fi rìmóòtù darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀ràn méjèèjì wá pín iṣẹ́: ẹnì kan, apá kan.

“Kábíyèsí,” ni télọ̀ wí, “apá òsì ni mo kàn. Apá òsì ni àna mi náà gbé wá!”

“Òsì nìkan ló wà nínú ìwé àwòrán tó bá páálí wá,” ni káfíńtà fèsì. “Ẹni tó máa kan ọ̀tún ló yẹ kó dojú ìwé dé, kí òsì lè di ọ̀tún. Mo ń retí kó dojú ẹ̀ dé.”

“Èmi náà ń retí yín!”

“Àti pé kò sóhun tó ṣe apá tèmi. Tí bàálù bá ń fẹ̀yìn rìn, ọ̀tún ni.”

“Tèmi wá ńkọ́?”

“Tìẹ á máa lọ síwájú.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí.

“Ìṣojú mi ni káfíńtà gba ọ̀tún,” ni onígbàjámọ̀ àdúgbò wí.

“Télọ̀ ni!” ni bàbá onílé télọ̀ kígbe. “Orí àga ni mo wà.”

“Àga wo? Igi bàálù ló wà lórí gbogbo àga.”

“Ìwọ tí ò ń hanrun, báwo lo ṣe rí àga?”

“Ẹ jókòó,” ni Kábíyèsí wí, “kí ẹ má jẹ́rìí pa ara yín.”

Télọ̀ sún síwájú. “Kábíyèsí, apá kọ́ ló ń dùn mí. Ìyàwó mi ti kó lọ sílé ìyá ẹ̀. Àárò ẹ̀ ń sọ mí gan-an.”

Kábíyèsí yíjú sí ìyàwó.

“Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni bàálù ń sùn,” lobìnrin náà wí. “Gúlúù ti lẹ píìlò mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé e kúrò, wọ́n á ní ó ń gbẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ mi. Ọjọ́ tí bàálù ọ̀hún bá fò, màá padà.”

Kábíyèsí dájọ́: “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó sídìí tábìlì kan, ẹ dojú àwòrán dé, kí ẹ kan apá ọ̀tún kan ṣoṣo. Tó bá fò, kí ìyàwó padà sílé ọkọ ẹ̀.”

Inú télọ̀ dùn dé gongo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bó ṣe ń dìde ni káfíńtà fà á láṣọ.

“Àna, ọ̀tún ta ni? Ti ẹni tó jókòó sínú ẹ̀, àbí ti ẹni tó dúró níwájú ẹ̀?”

Télọ̀ họ orí. “Ẹ jẹ́ ká tún kan apá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká wò ó ná.”

Kábíyèsí wo ìyàwó tàánútàánú, ó sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́.

“Ẹ lọ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ yìí bá a nílé ìyá ẹ̀.”