Láfún Tí Mo Gbé Lọ sí Jẹ́lé-ó-sinmi

Ìyáàfin Tinúọlá ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ rẹ̀ ni, nítorí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fà wá bá mi kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń bo orúkọ mọ́ra. Òun ló ni jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ará Èkìtì ni mí. Ní ilé wa, a kì í fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣeré.

Eré gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Ìyáàfin Tinúọlá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹjà, ó dé, ó ní eré ni ọmọdé fi ń kẹ́kọ̀ọ́, pé kí a ju pàṣán sílẹ̀, kí a wá ohun ìṣeré. Mísì Bùkọ́lá, ọmọdébìnrin tí kò tíì lo páálí ṣọ́ọ̀kì kan tán, ló mú dání lọ. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí kò fi mú mi, ó dá mi lóhùn lójú gbogbo olùkọ́ pé, "Màmá, ẹ̀kọ́ tuntun yìí ò lè wọ̀ yín lágbárí mọ́. Ẹ sinmi jàre." Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wo kíláàsì, kí oníkálukú kó ohun ìṣeré tirẹ̀ síta. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò di olórí àwọn olùkọ́. Ipò yẹn ni mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo débẹ̀.

Bùkọ́lá lọ sí ọjà Ìkọ̀tun, ó ra ike aláràbarà bọ̀. Èmi ti kà á nínú ìwé pé nǹkan rírọ̀ tí ọmọ lè fọwọ́ mọ ló ń jẹ́ kí ìka wọn mókun fún ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n amọ̀ ti dọ̀tí jù, èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo sì jẹ́ ti òyìnbó. Mo bá ronú jinlẹ̀, bí inú bíbí ṣe máa ń mú kéèyàn ronú, mo sì ro láfún. Mo ro ó le dáadáa. Mo fi omi zóbò sọ apá kan di pupa, mo fi omi ẹ̀fọ́ sọ apá kejì di àwọ̀ ewé, mo kó o sínú kúlà. Ó rẹwà. Ẹni tó bá ní kò rẹwà, ìlara ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀, nínú kẹ̀kẹ́ ló ti yẹ kí n fura. Oníkẹ̀kẹ́ fa òórùn símú, ó ní, "Màmá, ibo lẹ ń pàtẹ sí? Kí n lè yà lọ́sàn-án."

"Olùkọ́ ni mí. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀."

"Kò burú, mà. Ọbẹ̀ wo lẹ fi ń kọ́ wọn?"

Mo dé kíláàsì, mo gbé abọ́ síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí ìmọ́tótó, mo ní kí gbogbo wọn fọwọ́. Mo bu láfún fún wọn, mo ní, "Ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀, ẹ yí i róbótó." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a rò. Ọmọ Yorùbá fọwọ́, wọ́n gbé láfún síwájú rẹ̀, àgbà ní kó bù ú kó yí i róbótó. Kí ló kù tó máa ṣe?

Sàkíru, ọmọ télọ̀ ará Ọ̀yọ́ kan, gbójú sókè. "Màmá, ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ọbẹ̀. Eré la fẹ́ ṣe."

Ó ronú díẹ̀. Ó lọ gbé abọ́ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un, ó ti ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bìsìmílà," ó ki òkèlè pupa bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo kíláàsì ti ń ṣí abọ́. Àwọn tí kò ní ọbẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ní.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyáàfin Tinúọlá kó àwọn òbí wọlé. Ìyá kan láti Akówonjo rí ẹnu ọmọ rẹ̀ tí zóbò ti sọ di pupa, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bùkọ́lá ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀, títí tó fi bojú wẹ̀yìn: àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ ti fi ike sílẹ̀, wọ́n ti fọwọ́, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Èmi dúró, mo di kúlà mú bí olóúnjẹ. Baba kan ṣáà ń wo ọmọbìnrin rẹ̀. "Eléyìí kì í jẹun nílé o," ó ní. "Ẹ wò ó bó ṣe ń lá ìka."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tí ọmọ bá ti mọ̀ sí oúnjẹ nílé, kí olùkọ́ má pè é ní nǹkan mìíràn. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ni mo fi ń rín in, nítorí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Ìyáàfin Tinúọlá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, kò wò mí lójú, ó ní Mísì Bùkọ́lá ló di olórí. Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀: "Màmá, àwọn òbí ní kí n bá àwọn bi yín, mà. Ọjọ́ wo lẹ tún máa ro láfún?"