Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Ló Bá Mi Ra Ọkọ̀

Bí mo bá gbàgbé gbogbo nǹkan láyé mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ara mi jáde ní Douala. Ìyàwó mi kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹnu rẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́.

Orúnkún ló fà á. Makepe là ń gbé, ọjà Marché Central ni ìyàwó mi, Ìyá Rídíwánù, ti ń ta aṣọ ọmọdé. Àràárọ̀ ló ń gun bendskin, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn níbí, títí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi wú. Mo wá ṣèlérí níwájú àwọn ọmọ pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìyá wọn yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kadà. Ọkùnrin tó bá ṣèlérí níwájú ọmọ, kò sí ibi tó fẹ́ sá gbà.

Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi ní Deïdo, tó ń kó àlòkù ọkọ̀ wọlé láti Japan. Madame yìí ò kí mi dáadáa. Ó nawọ́ sí àga, ó sì da ìbéèrè bò mí bí ọlọ́pàá: ta ló máa jókòó nínú ọkọ̀ náà, ìwé wo ni mo ní? Ó tún ní, "Volant à gauche ou à droite?" Ṣé apá òsì ni mo fẹ́ kí sítíárìn wà ni àbí apá ọ̀tún? Èmi tí mo ti lo ogún ọdún nílùú yìí! Ṣé mi ò mọ̀ pé apá òsì ni dírẹ́bà ń jókòó sí níbí ni? Mo ní obìnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, mo bá dìde.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lúkúmánù. Kí n tó lanu, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ funfun báláú lọ́rùn. Ó béèrè ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kì mí títí orí mi fi wú.

"Àlàájì, ọmọ yín ni mí. Èmi náà ń bá èèyàn mú ọkọ̀ wá láti Japan. Kí lẹ fẹ́ lọ wá lọ́dọ̀ àwọn tí ò mọyì yín?"

Mi ò dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ṣé mo béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé mo béèrè ẹni tó ti bá mú ọkọ̀ wá rí? Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó báyẹn, kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Fọ́tò kan ló fi hàn mí lórí fóònù, iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ti yà á. Mo rí sítíárìn lápá òsì mi kedere, ọkàn mi sì balẹ̀, mo kówó fún un. Kò wá sí mi lórí pé ẹni tó bá dojú kọ ọkọ̀, apá òsì tirẹ̀ ni apá ọ̀tún ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ọkọ̀ dé lóòótọ́, ó ń dán. Lúkúmánù gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ń sáré lọ kírun. Mo ṣí ilẹ̀kùn apá òsì, mo jókòó bí ọba, mo nawọ́. Afẹ́fẹ́ ni mo dì mú. Sítíárìn wà níwájú ìyàwó mi.

"Bàbá Rídíwánù," ó wí pẹ̀lẹ́, "ṣé èmi ni n óò máa wà á ni?"

A pààrọ̀ àga. Bí mo ṣe ṣíná ọkọ̀ ni ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Japan nínú rẹ̀.

"Kí ló ń wí?" ni ìyàwó mi béèrè.

"Ó ń kí wa ni."

"Kò jọ ìkíni létí tèmi. Ó jọ pé ó ń kìlọ̀ fún wa."

A bọ́ sí títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan, camion tiwọn níbí, sì dí wa lójú níwájú; mo fẹ́ kọjá lára rẹ̀. Láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ló ń yọrí wò ó fún mi: "Ẹ jáde! Ẹ jáde! Yé, ẹ padà, camion ń bọ̀!" Gbogbo ìgbà tó bá kígbe ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wú yẹn gan-an ni o.

Ní Deïdo, ọlọ́pàá kan dá wa dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé ìyàwó mi. "Madame, permis!" Ìwé ìwakọ̀ ló ń béèrè.

"Chef, mi ò wa nǹkan kan," ni Ìyá Rídíwánù dáhùn ní Faransé. "Wọ́n kàn ń gbé mi lọ ni."

Ọlọ́pàá wá volant níwájú rẹ̀ tì. Ó yíjú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran. Wọ́n ní kí n gbé e padà sílé, kí ó má tún jáde bó ṣe wà yẹn. Mo pe Lúkúmánù, fóònù rẹ̀ ò lọ. Bóyá orí ìdọ̀bálẹ̀ ló ṣì wà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi rọra gbé ẹsẹ̀ gun bendskin, ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Ó kéré tán, ẹni tó ń gbé mi lọ yìí ń rí iwájú." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni.

Mo padà sí Deïdo. Madame ò tún kí mi dáadáa.

"Volant?"

"À gauche, Madame." Díẹ̀ ló kù kí èmi gan-an dọ̀bálẹ̀. Ó fún mi ní orúkọ èèyàn mẹ́ta tó ti bá mú ọkọ̀ wá, ó ní kí n lọ béèrè òun lọ́wọ́ wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pẹ́ kí ọkọ̀ tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, mo nawọ́, ọwọ́ mi sì ba sítíárìn.

Àwọn àgbà ti sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà. Èmi ni mo ní kí n fi odindi ọkọ̀ dán an wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sílé wa nítorí ọmọ wa obìnrin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí mi sì ti fẹ́ máa wú. Ìyá Rídíwánù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Bàbá Rídíwánù, ẹ béèrè o. Apá ibo ni volant eléyìí wà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni n óò ṣe?