Alága Lórí Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Télọ̀

Ẹ yàgò lọ́nà, Alága ń bọ̀! Kì í ṣe alága kékeré o. Alága-má-dìde, Àjànàkú orí àga, ọkọ gbogbo ìpàdé. Bí ẹ bá kí i ní "ẹ káàárọ̀, bàbá" lásán, kò ní gbọ́. Ẹ ní "ẹ káàárọ̀, Alága", kíá, etí á là.

Ẹgbẹ́ ìlera àdúgbò ló ń ṣe alága fún. Ẹgbẹ́ náà dára. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ wo àwọn arúgbó tí kò lè dìde mọ́. Nọ́ọ̀sì á wẹ egbò, káfíńtà á kan igi ìdìmú sí balùwẹ̀, dírẹ́bà á gbé ẹni tó yẹ kó dé ọsibítù. Iṣẹ́ ti Alága ni kó jókòó. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọjọ́ kan, àwọn olóore kan fún ẹgbẹ́ ní bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Tẹ bọ́tìnnì, orí á gbéra. Tẹ òmíràn, ẹsẹ̀ á gbéra. Ìyá tó bí télọ̀, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, ni wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún. Ìyá àgbà náà ti wà ní ìdùbúlẹ̀ tipẹ́, egbò ti bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí télọ̀ bá yí i padà, á kérora wẹ́rẹ́ báyìí, bíi pé kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ ìró yẹn.

Alága wo bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì wo Alága.

"Ẹ gbé e lọ sílé mi," ó ní. "Mo gbọ́dọ̀ dán an wò ná. Ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré."

"Títí dìgbà wo, Alága?" télọ̀ béèrè.

"Títí ọkàn mi á fi balẹ̀."

Ọkàn Alága kò tètè balẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń gbàlejò. Bẹ́ẹ̀dì gba gbogbo yàrá, ìyàwó rẹ̀ wá di ẹni tó ń sùn lórí àga ní pálọ̀. Télọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Ìyá mi ń jìyà o, Alága."

"Fara balẹ̀. Orí ni mo ṣì dán wò. Ó ku ẹsẹ̀."

Àfi bí àwọn olóore ṣe pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ti wà lọ́nà. Wọ́n fẹ́ rí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì fẹ́ rí aláìsàn tó wà lórí ẹ̀.

Alága ronú. Bí ó bá gbé e fún ìyá télọ̀, ó di ti ìyá télọ̀ nìyẹn. Àwọn olóore ò sì mọ ojú òun, ohùn òun nìkan ni wọ́n mọ̀, lórí fóònù. Aláìsàn ni wọ́n fẹ́ rí, àbí? Wọ́n á rí aláìsàn.

Ó wé orí, ó fa aṣọ dé àgbọ̀n. "Sọ fún wọn pé mi ò lè sọ̀rọ̀," ó ní fún ìyàwó rẹ̀.

"Ìyẹn nìkan ni mo ti ń gbàdúrà fún," ìyàwó dáhùn.

Màdáámù tó jẹ́ olórí àwọn olóore wọlé. Gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e. Àwọn aládùúgbò kún ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì wo ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ṣẹ́jú sí i. Nọ́ọ̀sì wo télọ̀. Omijé ti gba ojú télọ̀.

"Háà, bàbá yìí mà ń ṣàìsàn o!" nọ́ọ̀sì ké. "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká fi bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn yín. Nínú ẹgbẹ́ wa, gbogbo wa la jọ ń wẹ aláìsàn."

Alága fẹ́ ní rárá. Ó rántí ohùn rẹ̀, ó gbé e mì.

Káfíńtà di èjìká mú, dírẹ́bà di ẹsẹ̀ mú. "Ó yá, yí!" Wọ́n dojú Alága délẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀. Télọ̀ da omi tútù sí i lẹ́yìn.

"Hììì!" ni Alága.

"Ó ń gbádùn ẹ̀," dírẹ́bà ní.

Nọ́ọ̀sì fi kànìnkànìn bò ó, ọṣẹ wọ̀ ọ́ létí.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ mà ń dán o!" Màdáámù ní. "Kò légbò kankan."

"Bẹ́ẹ̀dì yín ló dáa, mà," ni ìdáhùn télọ̀.

"Ó ku ìsàlẹ̀," nọ́ọ̀sì ní. "Télọ̀, ìwọ lo mọ̀ nípa ṣòkòtò. Bọ́ ọ."

Àwọn tó wà lójú fèrèsé sún mọ́ra. Alága di ìgbàdí mú. Télọ̀ fà. Alága fà. Nǹkan ya.

"Ẹ fi ṣòkòtò Alága sílẹ̀!"

Alága-má-dìde ti dìde. Ó dúró láàárín yàrá, ọṣẹ ń kán lára rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí bo iwájú, kò rí nǹkan fi bo ẹ̀yìn.

Màdáámù gbé ojú sókè. "Mo mọ ohùn yìí," ó ní. "Ẹ káàárọ̀, Alága."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò dáhùn.

"Alága dìde o!" ni ariwo ojú fèrèsé, títí dé ìgboro.

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì gba àárín àdúgbò lọ sílé télọ̀. Màdáámù ní kí Alága di ẹsẹ̀ kan mú. Kò jókòó lọ́nà rárá.

Wọ́n rọra tẹ́ ìyá àgbà sórí ẹ̀. Télọ̀ tẹ bọ́tìnnì, orí bẹ́ẹ̀dì gbéra díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìkérora kékeré yẹn. Kò gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà fọwọ́ pa fóòmù, ó ní, "Ó mà lọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Ta ló bá mi mú un gbóná?"

"Bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni, Màmá."

Ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀. Ojú àánú ni. "Ó ṣeun o. Ẹ fún un ní àga kó jókòó."

Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.