Ibojì Pétérù Nínú Oko Dáramọ́lá

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó mọ ohun gbogbo ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ má ṣe dààmú jìnnà: Ọ̀gbẹ́ni Stephen Dáramọ́lá ni. Ohun tí kò bá mọ̀, ohun náà kò tíì ṣẹlẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi í bóyá òjò yóò rọ̀, yóò dárúkọ bàbá ìkùukùu fún yín, yóò sì sọ ibi tí wọ́n ti bí i. Àbùkù kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n. Ẹnu rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kéékèèké wọ̀nyí: "Èmi kò mọ̀."

Ní ọdún kan tí kò tíì pẹ́, ìwé ìtàn kan gbòde. Wọ́n ń jiyàn lé e lórí ní ilé-ìwé, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, àti lórí Wasáàpù. Ẹni tí ó kọ ọ́ wí nínú rẹ̀ pé Àpọ́sítélì Pétérù kò kú sí Róòmù rárá. Ó ní ńṣe ni ó sá mọ́ àwọn ọmọ-ogun lọ́wọ́, tí ó la aṣálẹ̀ kọjá, tí ó sì rìn títí dé ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀, níbi tí àpáta ńlá méjì ti ń wo ara wọn bí àna tí inú ń bí. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn olórí ìjọ àtijọ́ sì da aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn kan ní irọ́ ni. Àwọn kan ní bóyá. Dáramọ́lá ní òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì wí bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó fi ojú kan ìwé náà.

Nígbà tí ó yá, ó lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Tíṣà Àtinúkẹ́, ìyá kan tí ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe nígbà tí ó délé ni pé ó fa ewé àkọ́kọ́ ya, nítorí pé orúkọ Àtinúkẹ́ wà níbẹ̀ gàdàgbà pẹ̀lú yíǹkì pupa. Kò tilẹ̀ yí ewé náà wò. Ó sọ ọ́ sí orí ìdì bébà tí Grace, ìyàwó rẹ̀, fi ń pọ́n ẹ̀pà, ó sì jáde láti sọ fún ayé pé ọ̀rẹ́ òun kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi ìwé ránṣẹ́ sí òun.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àtinúkẹ́ wí nígbà tí ó rí ìwé náà lábẹ́ abíyá Dáramọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ìwé yìí mà jọ tèmi o."

"Tiyín wà nílé, Tíṣà. Èyí wá láti Lọ́ńdọ̀nù."

"Kí ló dé tí iwájú rẹ̀ fi ya báyìí?"

"Ìwé tí a kà dáadáa ni ó ń ya! Bí ọmọdé bá ní ìwé tó àgbà, ṣé ó lè ní àkísà ìwé tó àgbà?"

Àtinúkẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó wà nílẹ̀ fún yín. Ipò Baba Ìjọ ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọdún mẹ́wàá ni Dáramọ́lá fi jókòó ní ìlà kejì, tí ó ń wo àga onítìmùtìmù tí Baba Ìjọ ń jókòó lé, bí ológbò ti ń wo ẹja lórí ààrò. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bá a du ipò náà: Alàgbà Sunday, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju "Ẹ káàárọ̀" lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Dáramọ́lá mọ̀ pé bí òun bá lè fi Pétérù lé ìjọ lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò rántí "Ẹ káàárọ̀" mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó dìde ní kíláàsì àwọn àgbà.

"Ará, mo ti rí ibojì Pétérù!"

Pásítọ̀ Ọlọ́runtọ́ba bọ́ awò ojú rẹ̀. "Níbo, arákùnrin?"

"Nínú oko kòkó bàbá bàbá mi!"

Ẹ̀rín ta. Ṣùgbọ́n Dáramọ́lá kò mì. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Olúwa wí fún Pétérù? 'Orí àpáta yìí ni èmi yóò kọ́ ìjọ mi lé.' Àpáta wo? Ẹ yọjú lójú fèrèsé! Olósùnta rè é! Òrólẹ̀ rè é! Wọn kò ha ń wo ara wọn bí?"

Gbogbo kíláàsì yọ orí lójú fèrèsé. Àpáta méjèèjì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó sì ṣòro fún ènìyàn láti bá àpáta jiyàn.

Dáramọ́lá wá la àlàyé sílẹ̀. Ó ní ibì kan wà nínú oko náà tí wọ́n fi òkúta yí ká bí ibojì àgbà. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ hù láàárín rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìka rẹ̀ kan tó apá ọmọ ọdún méje, tí kì í dá èso dúró, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀. "Kí ni ó lè mú ilẹ̀ lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹni mímọ́?"

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá fún Pásítọ̀, ó sì gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ wá nínú ìgò. Ìyàwó Pásítọ̀ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dín dòdò fún gbogbo kíláàsì. Háà! Dòdò náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìgbàgbọ́ mẹ́ta fi yí padà kí àwo tó ṣófo. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àpọ́sítélì. Pásítọ̀ alára lá epo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "A kò sọ pé òótọ́ ni, a kò sì sọ pé irọ́ ni," ó sì gbà kí wọ́n gbé ìgò erùpẹ̀ náà sí iwájú pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó.

"Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ibẹ̀," ni Àtinúkẹ́ wí.

"Ní Sátidé!" ni Dáramọ́lá dáhùn. "Bí ẹ bá sì débẹ̀ tí kò rí bí mo ti wí, kí ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ Baba Ìjọ!"

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún wọ oko. Dáramọ́lá wọ funfun balau bí ẹni tí ń lọ gba adé. Ẹni tí kì í dé oko ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún ni ó wá ń ṣíwájú gbogbo wọn! Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn yòókù kúnlẹ̀. Wọ́n fi áńkáṣíìfù bu erùpẹ̀. Àfi kí Dáramọ́lá fi ìka kan ilẹ̀, ó sì tọ́ ọ wò!

"Ó dùn!" ni ó kígbe. "Ó dùn bí oyin!"

Nígbà tí wọ́n sinmi, Grace pín ẹ̀pà tí ó ti pọ́n láti ilé. Àtinúkẹ́ tú tirẹ̀, ó sì sún mọ́ bébà náà.

"Ta ló kọ orúkọ mi sára ẹ̀pà?"

Gbogbo ènìyàn yíjú. Yíǹkì pupa, gàdàgbà. Dáramọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ tí kò ní àìsàn nínú.

"Ìwé yín tí ó wá láti Lọ́ńdọ̀nù nìyí, ẹ̀gbọ́n," ni Àtinúkẹ́ wí. Ó da ẹ̀pà sí ọwọ́ òsì, ó yí ewé náà padà, ó sì kà á sókè: "'Àròsọ ni ìwé yìí. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo fi orí ara mi ro gbogbo rẹ̀. Mo bẹ ẹnikẹ́ni kí ó má ṣe torí rẹ̀ wá ibojì kankan lọ.'"

Alàgbà Sunday, tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ní, "Hẹ̀n-ẹ́n."

Ọkùnrin mìíràn ì bá ti wá ọ̀nà ilé lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnu Dáramọ́lá bá ti gbéra, kò mọ ibi tí ìjánu wà. "Ẹni tí ó kọ ìwé lè purọ́!" ni ó wí. "Òkúta ha lè purọ́ bí? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ha lè purọ́? Ẹ̀yin kò ha jẹ ẹ́?"

Ibẹ̀ ni Ìyá Àríkẹ́ ti yọ láti abà, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Àbúrò bàbá Dáramọ́lá ni, abà náà ni wọ́n sì bí i sí. Dáramọ́lá kò bi í léèrè ohunkóhun rí, nítorí pé kí ni ará oko lè mọ̀ tí òun kò mọ̀?

"Stephen! Kí lẹ kúnlẹ̀ sí níbẹ̀ un?"

"Ìyá, ibojì ẹni mímọ́ ni."

"Ibojì kẹ̀?" Ìyá gbára lé ọ̀pá rẹ̀. "Ṣáláńgá ni. Ulé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn alágbàṣe bàbá mi ni! Ogún ọkùnrin ni wọ́n, ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi lò ó. Nígbà tó kún dé ẹnu, bàbá mi ní ká dí i, ká fi òkúta yí i ká, ká gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, kí ẹsẹ̀ ẹnì kan má baà jìn sí i. Ọmọ oko wo ni kò mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí ṣáláńgá kì í kú?"

Áńkáṣíìfù mẹ́rìnlá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pásítọ̀ rántí dòdò. Ìyàwó Pásítọ̀ rántí pé àwo méjì ni òun jẹ. Ìyá Àríkẹ́ na ọ̀pá sí ẹnu Dáramọ́lá.

"Kí ló wà létè rẹ un?"

Dáramọ́lá ń wá ibi tí yóò tutọ́ sí, ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ni ó wà níwájú, ìyàwó rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn.

"Ìyá," ni Àtinúkẹ́ bèèrè, "nínú gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wí fún wa, èwo wá ni òótọ́?"

Ìyá Àríkẹ́ gbé ojú sókè wo ìdì ńlá tí ó so kọ́ lórí wọn.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Dáramọ́lá kò lọ tó oṣù kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó sì bá a.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi ohùn tútù yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò, bí ọmọlúàbí. Alàgbà Sunday ti jókòó lórí àga onítìmùtìmù, ó ń wí fún gbogbo ènìyàn pé "Ẹ káàárọ̀." Dáramọ́lá gun iwájú lọ, ó tún agbádá ṣe, ó la ẹnu. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Arákùnrin Stephen, ẹ má ṣe ìyọnu, a ti yọ ọ́. Ẹ ṣáà bá wa gbé ìgò yín kúrò níwájú pẹpẹ."

Ó gbé e. Láti iwájú pẹpẹ títí dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tí Dáramọ́lá bá sún mọ́ ni ó ń sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn.