Ọkọ̀ Òfurufú Balẹ̀ Sórí Akínṣọlá

Lọ́sàn-án Sátidé kan lọ́dún 1987, Akínṣọlá jókòó sórí àpótí Gàrúbà onígbàjámọ̀ ní Ìkirè, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Àṣíáwù. Bó bá dìde níbẹ̀, Apòmù ló ń lọ, kí bàbá Salome, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lè fojú kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò fẹ́ máa ro ìpàdé náà. Ló bá mú ìwé ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan dání, ó ń kà á sókè.

“‘Lẹ́bàá òṣùpá, awakọ̀ jáde lọ nu gíláàsì ọkọ̀ òfurufú. Ni ilẹ̀kùn bá pa dé mọ́ ọn síta. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú!’” Akínṣọlá bú sẹ́rìn-ín.

Kílípà tí Gàrúbà fi ń gẹrun fún un dúró. “Irọ́.”

“Ìtàn ni, Bàbá.”

“Irọ́ ni ìtàn náà. Awakọ̀ wo ni ò lọ́mọ ọkọ̀? Ọmọ ọkọ̀ ló ń nu gíláàsì.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gẹ̀ ẹ́ lọ.”

“Ìwọ náà, máa kà á lọ.”

Kílípà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lápá ọ̀tún.

“‘Ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀ dé orí ìràwọ̀ kan, awakọ̀ ṣì rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ jáde wá pàdé wọn. Orí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ní.’”

Kílípà tún dúró. “Orí mélòó?”

“Mẹ́ta, sà.”

“Ta ló ń gẹrun fún wọn?”

“Ìwé ò sọ.”

“O ò rí i pé irọ́ ni! Orí mẹ́ta-mẹ́ta, wọn ò sì dárúkọ onígbàjámọ̀ kankan! Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ bí ayé ṣe ń lọ.”

“Bàbá, ilẹ̀ ń lọ o. Apá òsì ṣì kù.”

“Apá òsì ò ní sá. Awakọ̀ ńkọ́? Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún un?”

“Ṣebí ẹ ní irọ́ ni?”

“Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nínú òtútù. Mi ò fọwọ́ kan orí mọ́ títí awakọ̀ á fi balẹ̀.” Gàrúbà ki kílípà bọ àpò.

Akínṣọlá wo dígí. Apá ọ̀tún ń dán. Apá òsì dà bí oko Wásinmi tí olóko ti kó lọ sí Èkó. Ẹ̀rù bà á gidi, torí bàbá Salome ti búra pé òun ò ní fọmọ fún ọmọ ìta. Ìwé tó kù sì nípọn. Ó kàn ṣí ojú ewé kan, ló bá hun ìparí tirẹ̀ bí ẹni ń kàwé:

“‘Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún awakọ̀, ọkọ̀ sì balẹ̀ sórí omi Asejire.’ Ó parí! Ó yá, apá òsì!”

“Asejire wa yìí?”

“Òun náà ni.”

“Ẹ̀ẹ́n! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Òní lọjọ́ náà! Omi ibẹ̀ fẹ̀, ó gba ọkọ̀. Làtífù àbúrò mi ló ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ omi níbẹ̀.” Gàrúbà ti ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. “Ẹni tó ti ọ̀dọ̀ òṣùpá bọ̀, irun rẹ̀ á ti kún. Bóyá àwọn olórí mẹ́ta yẹn tiẹ̀ bá wọn wá!”

“Bàbá! Orí tèmi ńkọ́?”

“Ọ̀kan péré ni tìrẹ.”

Ó dá mọ́tò Ìbàdàn dúró, ó wọlé, tòun ti kílípà.

Akínṣọlá sáré tẹ̀ lé e, aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. “Bàbá Àṣíáwù! Irọ́ ni! Irọ́ ni gbogbo ẹ̀!”

Gàrúbà yọrí lójú fèrèsé, ó wò ó tàánú-tàánú.

“Ohun tó ń ṣe ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí nìyẹn. Ẹ kì í gba nǹkan kan gbọ́!”