Igba Ìkànnì, Àpótí Méjì

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní Barakallahu, nílẹ̀ Hausa. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bàbá Stella, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, rìmóòtù lọ́wọ́. Moróunkẹ́, ọmọbìnrin tó ń tún dìkódà ṣe ládùúgbò, kan ilẹ̀kùn, ó wọlé.

MORÓUNKẸ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ ní dìkódà bàjẹ́.

BÀBÁ STELLA: Ó bàjẹ́ gan-an ni. Láti ìgbà tí Jonah ọmọ wa ti fi í ránṣẹ́ láti Èkó, kò parí fíìmù kan rí.

(Moróunkẹ́ yẹ wáyà wò. Ó yẹ ẹ̀yìn dìkódà wò. Ó wá yẹ Bàbá wò. Bàbá ń tẹ rìmóòtù.)

MORÓUNKẸ́: Sà, fíìmù tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?

BÀBÁ STELLA: Ó dára.

MORÓUNKẸ́: Kí ló dé tí ẹ fi yí i kúrò?

BÀBÁ STELLA: Bóyá èyí tó dára jù ú lọ wà níwájú.

MORÓUNKẸ́: Ṣé ó wà níwájú?

BÀBÁ STELLA: Ó wà. Mo ti kọjá rẹ̀.

MORÓUNKẸ́: Haba, Bàbá! Dìkódà ò ṣe nǹkan kan. Ìka yín ló bàjẹ́.

BÀBÁ STELLA: Tún un ṣe nígbà náà.

MORÓUNKẸ́: Mi ò kì í tún ìka ṣe, sà. Màmá dà, kí wọ́n bá wa gba rìmóòtù lọ́wọ́ yín?

BÀBÁ STELLA: Ó wà lọ́dọ̀ Zuwera, lẹ́yìn ògiri yẹn. Láti Mọ́ńdè, bí iná bá ti ń dé báyìí lòun ń jáde. Rédíò kékeré kan ni Zuwera ní, ìkànnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín. Àpótí ìjókòó méjì ló sì máa ń gbé lọ. Mi ò mọ ohun tí ìdí kan fẹ́ fi àpótí méjì ṣe.

MORÓUNKẸ́: Àárò wọn ń sọ yín, sà.

BÀBÁ STELLA: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? (Ó yí ìkànnì.) Láyé ijọ́un, ìkànnì kan la ní. Bó bá ti di agogo márùn-ún, ètò àgbẹ̀ ni. Èmi àti Màmá Stella ò lóko. Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi wò ó. A ó máa bó ẹ̀pà, a ó máa jà lórí ajílẹ̀. Ó dùn.

MORÓUNKẸ́: Tó, ó dáa. Mo lè ti gbogbo ìkànnì pa, kó ku ẹyọ kan. Màmá á padà wálé.

BÀBÁ STELLA: Na gode, o ṣé, ọmọ mi. Tì wọ́n pa.

MORÓUNKẸ́: Èwo ni ká fi sílẹ̀?

(Bàbá jókòó dáadáa. Ó wọ gíláàsì.)

BÀBÁ STELLA: Mélòó ni wọ́n?

MORÓUNKẸ́: Igba, sà.

BÀBÁ STELLA: Jẹ́ ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò gbọdọ̀ ṣì í yàn.

MORÓUNKẸ́: Kai! Agogo mẹ́fà ni wọ́n ń mú iná lọ.

BÀBÁ STELLA: Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ fi gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ó yá, ìkànnì kìíní.

(Nígbà tí wọ́n dé ìkẹtàlélógún, wọ́n padà sí ìkẹrin, torí Bàbá ní àwọn ti kánjú kọjá rẹ̀ jù. Ní ìkọkàndínlọ́gọ́ta, ojú Bàbá tàn.)

BÀBÁ STELLA: Èyí ni! Òun gan-an nìyí!

MORÓUNKẸ́: Ó dá yín lójú?

BÀBÁ STELLA: Ó dá mi lójú. Àmọ́ jẹ́ ká wo ọgọ́ta.

(Iná lọ. Ẹ̀rín Màmá Stella gba orí ògiri wọlé.)

BÀBÁ STELLA: Kí ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn?

(Moróunkẹ́ na etí sójú fèrèsé.)

MORÓUNKẸ́: Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ní Hausa, sà. Màmá ní irọ́ ló ń pa.

BÀBÁ STELLA: (Ó dìde fùú.) Kò purọ́! Kò yé e ni! Kò yé e rí!

(Ó gbé àga onírọ́bà. Ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé àga onígi. Ó gbé òun náà sílẹ̀.)

BÀBÁ STELLA: Moróunkẹ́, èwo ni kí n gbé lọ?

MORÓUNKẸ́: Ẹ má gbé nǹkan kan, sà. Ṣebí àpótí méjì ni Màmá gbé lọ.

(Bàbá dúró. Ó wo ògiri. Ó rọra gbé rìmóòtù sílẹ̀. Moróunkẹ́ yọ bátìrì rẹ̀, ó fi í sápò.)

BÀBÁ STELLA: Láti Mọ́ńdè?

MORÓUNKẸ́: Láti Mọ́ńdè, sà.

(Bàbá dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà.)

BÀBÁ STELLA: Nínú méjèèjì, èwo ni tèmi?

MORÓUNKẸ́: Èyí tí Màmá ò bá jókòó lé, sà.