Ẹsẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́rùn Ìjọba

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ ní àdúgbò Basin, ẹ má wá jìnnà. Bíṣọ́ọ̀bù Ọláyíwọlá ni, Ìránṣẹ́-tó-ń-rán-ọ̀gá-níṣẹ́. Òun ló dá ìjọ sílẹ̀, òun náà ló fi ara rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Lóṣù tó kọjá, ó ní kí Hidayat, ayàwòrán kan ní àdúgbò Ṣàngó, ya Ìjọ àti Ìjọba sórí pátákó ńlá. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni Ìjọ. Ìjọba ni ọkùnrin alágbádá kan tó dojú bolẹ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́rùn. Àwọn ọmọ ìjọ rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àfi bí Alága kánsù, Alhaji Zubair, ṣe ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ìyàsímímọ́ àwòrán náà. Ọdún mẹ́ta ni Bíṣọ́ọ̀bù ti ń wá ipò àlùfáà kánsù, nítorí ọkọ̀ tó ń bá ipò náà rìn. Ó sáré dé Ṣàngó.

“Hidayat, gbé ọkùnrin yẹn dìde. Fi í jókòó sórí àga, kí àwa méjèèjì bọ ara wa lọ́wọ́.”

“Dádì, ọ̀dà olóròóró ni mo fi ya ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.”

“Ọ̀la ni o. Fi ọ̀dà olómi bò ó.”

“Ó máa bò ó, ṣùgbọ́n omi ò gbọdọ̀ kàn án. Wallahi, mo ti sọ tèmi.”

“Ta ló máa da omi sára àwòrán?”

Ẹ ṣáà máa rántí ẹni tó bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì, Alága jókòó níwájú, ó ń wo àwòrán, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bíṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin yìí mà jọ mí.”

“Ẹ̀yin gan-an ni, Ọlọ́lá jùlọ.”

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Nínú ìjọ yìí, wọn kì í ya nǹkan sí mímọ́ ní gbígbẹ. Bẹ́ńṣì, jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti mu omi àdúrà rí. Bíṣọ́ọ̀bù gbé garawa. Hidayat dìde lẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Bíṣọ́ọ̀bù rò pé ẹ̀mí ti gbé ọmọ Mùsùlùmí, inú rẹ̀ dùn, ó bá da gbogbo omi náà sára pátákó.

Àga ló kọ́kọ́ ṣàn lọ. Ọwọ́ tí wọ́n bọ̀ tẹ̀ lé e. Alágbádá padà sílẹ̀, ẹsẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù padà sọ́rùn rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù fi aṣọ funfun rẹ̀ nù ún, ọrùn náà túbọ̀ hàn kedere.

“Ẹ tún sọ fún mi,” ni Alága wí. “Ta lẹ ní ọkùnrin yẹn jẹ́?”

“Ìjọba tó kọjá ni, sà.”

“Èmi náà ni mo wà níbẹ̀. Sáà mi kejì rèé.”

Àwọn akọrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kó tó kan gbogbo ìjọ. Bí Alága ṣe ń jáde, ó bi Hidayat bóyá ó lè ya pátákó tuntun fún kánsù.

“Mo lè yà á, sà. Ṣùgbọ́n ẹ máa fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.”

“Gba méjì,” ni Alága wí. Bíṣọ́ọ̀bù ṣì gbé garawa òfìfo dání.